Ọmọ Bíbí Ń Dínkù, Àgbà Ń Pọ̀ Sí I: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ iye ọmọ tí à ń bí àti iye ọdún tí à ń lò láyé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba àti àwọn onímọ̀ ìṣirò nìkan. Ẹnikẹ́ni tí òbí rẹ̀ ń darúgbó, tàbí tí ó ń ro ìgbà tí òun yóò bímọ, tàbí tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù rẹ̀, ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè jù ni mo kó jọ síbí, mo sì sọ èrò tèmi níbi tí mo ti rò pé ó yẹ.

Kí ni ìtumọ̀ “ìwọ̀n ọmọ bíbí” gan-an?

Ìṣirò méjì ni àwọn ènìyàn máa ń fi orúkọ kan náà pè, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni iye ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Èyí máa ń lọ sókè sódò bí ọ̀dọ́ bá ṣe pọ̀ tó nínú ìlú: níbi tí arúgbó bá ti pọ̀ ju ọ̀dọ́ lọ, ọmọ tuntun kò lè pọ̀, bí àwọn abilékọ ibẹ̀ tilẹ̀ ń bí mẹ́ta mẹ́ta. Èkejì, èyí tí àwọn onímọ̀ gbára lé jù, ni iye ọmọ tí obìnrin kan yóò bí ní gbogbo ayé rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé bí àwọn obìnrin ọlọ́jọ́-orí kọ̀ọ̀kan ṣe ń bímọ lọ́dún náà ni òun náà yóò ṣe máa bí bí ó ti ń dàgbà lọ. Ìṣirò kejì yìí ni mo ń lò nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí. Ní 1950, nǹkan bí ọmọ márùn-ún ló kan obìnrin kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in káàkiri ayé. Lónìí, ó ti wálẹ̀ sí méjì àti díẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń dárúkọ 2.1?

Nítorí pé òun ni iye tí ìran kan fi lè rọ́pò ìran tó ṣáájú rẹ̀ láìpọ̀ sí i, láìdínkù. Ọmọ méjì ni yóò dípò bàbá àti ìyá. Ìdá kékeré tó kù wà níbẹ̀ nítorí pé ọmọkùnrin tí à ń bí máa ń pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ díẹ̀, nǹkan bí 105 sí 100, àti nítorí pé àwọn ọmọbìnrin kan yóò kú kí wọ́n tó dé ọjọ́ orí àtibímọ. Níbi tí ikú ọmọdé ṣì ti wọ́pọ̀, 2.1 kò tó. Ó ní láti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, 2.1 kì í ṣe òfin, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí yóò wó lulẹ̀ nítorí pé ó bọ́ sí 1.9. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí ó ṣe lọ sílẹ̀ tó, àti bí ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé iye ènìyàn inú ayé ti ń dínkù?

Rárá o. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé a ti pé bílíọ̀nù 8, a sì ṣì ń pọ̀ sí i. Àfojúsùn tí àjọ náà gbé jáde ní 2024 ni pé iye wa yóò dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 10.3 ní àárín àwọn ọdún 2080 sí 2089, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú pé ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí ń dínkù, síbẹ̀ ènìyàn ń pọ̀ sí i. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ìran tó kọjá bí lọ́pọ̀ yanturu ni ìyá òní. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tilẹ̀ bí méjì péré, àwọn ìyá náà pọ̀, ọmọ yóò sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọkọ̀ tó ń sáré: bí awakọ̀ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á ṣì rìn jìnnà díẹ̀ kí ó tó dúró. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì, ibẹ̀ gan-an ló sì ti yẹ kí a fara balẹ̀. Nígbà tí ọmọ bíbí bá ti kéré fún ogójì ọdún, àwọn tó lè di ìyá ti kéré, bí wọ́n bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí púpọ̀ lọ́la, iye ènìyàn kò ní tètè gòkè. Iye ènìyàn Jàpáànù dé góńgó rẹ̀ ní nǹkan bí 2008, ti Ṣáínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní 2022. Kò sí ìlànà tó lè yí èyíkéyìí nínú méjèèjì padà láàárín ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá.

Kí ló fà á?

Ìdí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìròyìn ayọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà rántí rẹ̀: ọmọ kì í kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òbí kò bá mọ èyí tí yóò dúró nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọgbọ́n ni bíbí mẹ́fà tàbí méje. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tó mọ́, ìmọ́tótó àti oògùn ló yí ìyẹn padà. Ní ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ láyé, ikú ọmọdé ló kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, lẹ́yìn ìran kan tàbí méjì ni ọmọ bíbí tẹ̀ lé e, àlàfo àárín méjèèjì yìí ló sì mú kí iye ènìyàn pọ̀ lọ́nà tí ojú kò rí rí.

Ìdí kejì ni pé ipò ọmọ nínú ọrọ̀ ajé ilé ti yí padà. Níbi tí oko bá ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, nígbà tó bá sì dàgbà, òun ni yóò máa bọ́ wọn. John Caldwell, onímọ̀ ọmọ Ọsirélíà, ṣàlàyé ní 1976 pé ibi tí ọrọ̀ ń ṣàn sí nínú ìdílé ni kókó ọ̀rọ̀. Bí ó bá ń ṣàn láti ọwọ́ ọmọ sí ọwọ́ òbí, èrè ni ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwé bá dé, tí òbí ń náwó sórí ọmọ fún ogún ọdún kí ó tó lè dá dúró, ìṣàn náà ti yí padà, òbí á sì pinnu láti bí díẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè ká wọn. Mo rò pé nínú gbogbo àlàyé tí àwọn onímọ̀ ti ṣe, èyí ló sún mọ́ bí àwọn òbí fúnra wọn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ jù lọ.

Ìfètòsọ́mọbíbí náà kó ipa tirẹ̀. Ní 1960 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún, láti ìgbà náà ni ìpinnu ìgbà àtibímọ sì ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn obìnrin gan-an. Síbẹ̀, ìfẹ́ inú ló ṣáájú, oògùn ló tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ bíbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láti ìgbẹ̀yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nígbà tí kò tíì sí oògùn kankan irú èyí. Ní Ìráànì ẹ̀wẹ̀, obìnrin kan ń bí ju ọmọ mẹ́fà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi méjì. Ilé ìwòsàn kéékèèké tó wọ ìgbèríko, ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin àti ìfètòsọ́mọbíbí tí ìjọba fọwọ́ sí ló para pọ̀ ṣe é. Kò di dandan kí orílẹ̀-èdè kan kọ́kọ́ lọ́rọ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀sìn kankan kò sì dá a dúró.

Ṣé nítorí pé àwọn obìnrin ń kàwé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ni?

Òtítọ́ ni pé níbi tí ọmọbìnrin bá ti kàwé jìnnà, ó máa ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, iye ọmọ tí yóò bí sì máa ń kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi èyí dá obìnrin lẹ́bi kò ka ìtàn náà dé òpin. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ náà yí padà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Ní Swídìn àti Faransé, níbi tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù ti pọ̀, ọmọ tí wọ́n ń bí pọ̀ ju ti Ítálì àti Spéìn lọ, níbi tí obìnrin tó ń jókòó sílé ti pọ̀ jù. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni bóyá ìyá lè bímọ kí ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ibi tí ó lè gbé ọmọ sí wà, àti bóyá bàbá ń ṣe nínú iṣẹ́ ilé. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí obìnrin ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò lọ́mọ, kí ó sì tọ́mọ bí ẹni tí kò níṣẹ́, ọ̀pọ̀ yóò dá ọmọ bíbí dúró ní ọ̀kan, tàbí kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ rárá. Mi ò rí ẹ̀bi tiwọn níbẹ̀.

Ṣé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ọmọ mọ́ ni?

Àwọn kan kò fẹ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Éṣíà, iye tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni méjì. Ọmọ tí wọ́n bí nígbẹ̀yìn kì í sì í tó méjì. Àlàfo tó wà láàárín iye tí ènìyàn fẹ́ àti iye tó rí bí ni ibi tí ìbànújẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìròyìn kì í sì í sọ ọ́, nítorí pé kì í hàn nínú ìṣirò: kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tí ẹnì kan fẹ́ tí kò rí bí sí.

Ìdádúró ló sábà máa ń di àìrí-bí. Ẹnì kan ń dúró de iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin, lẹ́yìn náà ó ń dúró de ilé, lẹ́yìn náà ó ń dúró de ẹni tí yóò fẹ́. Ní Ítálì àti Spéìn, ìyá ti lé ní ọmọ ọdún 31 kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Ní Gúúsù Kòríà, ó jẹ́ nǹkan bí ọdún 33. Ara kì í dúró de ènìyàn: agbára àtilóyún ń dínkù lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń yára dínkù lẹ́yìn márùndínlógójì. Ìrànlọ́wọ́ àwọn dókítà tí ń fi ẹyin àti àtọ̀ dá oyún níta ara ti fún ọ̀pọ̀ ìdílé láyọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá gbogbo ọdún tó ti lọ padà, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ láìfi dẹ́rù bà wọ́n.

Kí ló dé tí ti Gúúsù Kòríà fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ní 1960, nǹkan bí ọmọ mẹ́fà ni obìnrin kan ń bí níbẹ̀. Ní 2023, ó ti di 0.72, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ayé tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Kí a tó mọ bí 0.72 ṣe kéré tó, ẹ jẹ́ kí a mú ọgọ́rùn-ún obìnrin àti ọgọ́rùn-ún ọkùnrin. Ọmọ 72 ni gbogbo wọn yóò bí. Nǹkan bí 36 nínú wọn yóò jẹ́ obìnrin, bí àwọn náà bá sì bí bíi ti ìyá wọn, ọmọ-ọmọ 26 ni yóò wà. Láti igba ènìyàn dé 26, láàárín ìran méjì.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ní Seoul ti wọ́n kọjá agbára àwọn ọ̀dọ́. Wákàtí iṣẹ́ gùn. Ìdíje ilé ìwé le débi pé àwọn òbí ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àfikún fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà. Obìnrin tó bá bímọ sábà máa ń pàdánù ipò rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọn kì í sì í sábà bímọ láìṣègbéyàwó. Ní 2023, kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bí lọ́nà bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Faransé wọ́n ju ìdajì lọ. Nítorí náà, bí ìgbéyàwó bá ti dínkù, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ yóò gbà wá. Ní 2024, iye náà gòkè díẹ̀ sí 0.75, lẹ́yìn tí ìgbéyàwó tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dá dúró ti wáyé.

Ṣé ẹ̀mí gígùn ló mú kí arúgbó pọ̀?

Ìdí kan ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ìdí. Ohun tó ń sọ orílẹ̀-èdè di ti àgbà jù lọ ni àìbímọ púpọ̀. Bí ọmọ bá kéré nísàlẹ̀, ìpín àwọn àgbà yóò tóbi, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lo ọdún kan lé ní ti tẹ́lẹ̀. Kódà nígbà tí ikú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dínkù, àwọn ọmọ ọwọ́ ló máa ń gba ẹ̀mí wọn là jù, ìyẹn a sì máa sọ orílẹ̀-èdè di ti ọ̀dọ́. Ìgbà tí ikú ọmọdé bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni ọdún tí à ń fi kún ọjọ́ ayé tó ń bọ́ sí ìgbà ogbó.

Ọmọ tí wọ́n bí ní 1950 ń retí àtilo nǹkan bí ọdún 46, èyí tí wọ́n bí lónìí ń retí nǹkan bí 73. Ní 2018, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn, àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ láyé. Ní Jàpáànù, àwọn àgbà wọ̀nyí jẹ́ nǹkan bí ìdá 29 nínú 100.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju iye lọ ni ìyára. Kí ìpín àwọn tó lé ní ọdún 65 tó kúrò ní ìdá 7 dé ìdá 14 nínú 100, ó gba Faransé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ó gba Jàpáànù ọdún 24, láti 1970 sí 1994. Ó gba Gúúsù Kòríà ọdún 18. Faransé rí àyè kọ́ ilé ìwòsàn, ó rí àyè ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì, ó sì lọ́rọ̀ kí ó tó darúgbó. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù wà níbì kan tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ dè wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Owó tí òṣìṣẹ́ òní ń san ni wọ́n ń kó fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lónìí, ìlérí tó sì wà níbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀la yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń san án báyìí. Ètò náà rọrùn nígbà tí òṣìṣẹ́ mẹ́fà tàbí méje bá ń gbé arúgbó kan. Ní Jàpáànù báyìí, nǹkan bí ènìyàn méjì tó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́ ló wà fún ẹnì kan tó lé ní ọdún 65.

Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí fún gbogbo òṣìṣẹ́, ní 1889, nígbà ìjọba Bismarck. Ọdún 70 ni wọ́n fi ọjọ́ orí tí òṣìṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà sí, ní 1916 ni wọ́n sì tó sọ ọ́ di 65. Ẹni tó bá dé ọdún 70 nígbà náà kò pọ̀, kì í sì í pẹ́ láyé mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì ní ọdún 65 lónìí lè tún lo ogún ọdún sí i.

Ọ̀nà tó wà kò ju mẹ́rin lọ: kí ènìyàn ṣiṣẹ́ pẹ́, kí òṣìṣẹ́ san púpọ̀ sí i, kí arúgbó gba díẹ̀, tàbí kí òṣìṣẹ́ pọ̀ sí i. Kò sí èyí tí kò ní ta ẹnì kan lára. Ní 2023, nígbà tí ìjọba Faransé sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kúrò ní ọdún 62 di 64, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tú sí ìgboro. Dẹ́nmárkì ṣòfin ní 2025 pé yóò di 70 ní 2040. Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti àwọn ọkùnrin láti ọdún 60 lọ sí 63 láti oṣù Kìíní 2025, díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 15. Lójú tèmi, ṣíṣiṣẹ́ pẹ́ bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ń jókòó nídìí tábìlì, ṣùgbọ́n ìwà àìtọ́ ni láti fi ọjọ́ orí kan náà lélẹ̀ fún un àti fún ẹni tó ti ń gbé bíríkì láti ọmọ ọdún 17. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì kò gbó bákan náà, iye ọdún tó kù fún wọn láyé kì í sì í sábà dọ́gba.

Ta ni yóò máa tọ́jú àwọn arúgbó?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́? Bí ọmọ kan ṣoṣo bá fẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, àwọn méjì ni yóò máa wo òbí mẹ́rin, wọn yóò sì tún máa tọ́ ọmọ tiwọn. Ní Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà ní ipò yìí gan-an.

Ẹrù náà kì í sì í pín dọ́gba. Obìnrin tó wà láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún ló sábà máa ń rù ú, òun ló ń dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù láti tọ́jú ìyá tàbí ìyá ọkọ, nígbà tí òun náà bá sì darúgbó, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á kéré nítorí ìtọ́jú tó fi ìgbà rẹ̀ ṣe. Jámánì gbé ètò adójútòfò sílẹ̀ ní 1995 fún àwọn tó nílò ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, Jàpáànù ṣe tirẹ̀ ní 2000. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń dá owó, kí ẹni tí àrùn ìgbàgbé tàbí àìlera bá mú lè rí ẹni tí yóò wá wẹ̀ ẹ́, tí yóò sì bọ́ ọ. Mo gbà pé irú ètò yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó níbi tó kù sí: owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú náà kéré, iṣẹ́ ọ̀hún sì wúwo, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tó.

Ìdánìkanwà náà wà ńbẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ náà ní 2018, Jàpáànù sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Ìgbà tí ìjọba bá ní láti yan mínísítà nítorí pé àwọn ènìyàn kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó yẹ kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti owó.

Báwo ni ẹbí fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà?

Ẹbí ń gùn, ó sì ń tín-ín-rín. Ó ń gùn nítorí pé ìran mẹ́rin lè wà láyé lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ tó mọ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ó ń tín-ín-rín nítorí pé ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni yóò bí ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá, tí kò sì ní ọmọ wọn láti bá ṣeré. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìran méjì, orúkọ tí à ń pe àwọn ìbátan wọ̀nyí yóò wà nínú èdè, ẹni tí a ó pè bẹ́ẹ̀ kò ní sí. Àwọn tó ń dá gbé náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí Jàpáànù ka ènìyàn ní 2020, ó lé ní ìdá mẹ́ta kan nínú gbogbo agbo ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yàn án fúnra wọn, inú wọn sì dùn. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ló ń ṣe ohun tí ẹbí ń ṣe tẹ́lẹ̀, òfin kò sì tíì fún wọn láyè: ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀rẹ́ ogójì ọdún kò lè fọwọ́ síwèé fún ènìyàn ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìbátan tí kò tíì rí i rí lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìjọba lè fi òfin mú kí àwọn ènìyàn bímọ?

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ sì korò. Ní 1966, Nicolae Ceaușescu, olórí Ròmáníà, fi àṣẹ 770 ka oyún ṣíṣẹ́ léèwọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin, oògùn tó ń dènà oyún náà sì di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Ìwọ̀n ọmọ bíbí fò láti 1.9 sí 3.7 láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nítorí pé àwọn obìnrin ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn kú níbi oyún tí wọ́n ṣẹ́ níkọ̀kọ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ni òbí wọn kò lè tọ́, tí wọ́n kó lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tí ipò rẹ̀ burú jáì. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ wó ní oṣù Kejìlá 1989, àṣẹ náà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fagi lé.

Ṣáínà gba òdìkejì. Láti nǹkan bí 1980 ni wọ́n ti ní kí ọ̀pọ̀ ìdílé bí ẹyọ kan, wọ́n sì fi ipá mú un ṣẹ. Ní 2016 wọ́n gba ọmọ méjì láàyè, ní 2021 wọ́n gba mẹ́ta. Ìrètí wọn ni pé ọmọ yóò tú jáde bí omi tí wọ́n ṣí ìdídò rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.9 ọmọ ni wọ́n bí ní 2016. Ní 2023, wọn ò bí ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 lọ. Síńgápọ̀, tó ń rọ àwọn ènìyàn láti 1972 pé kí wọ́n dúró ní méjì, yí ohùn padà ní 1987 pé kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a bí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2023, wọ́n bọ́ sí 0.97. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti fi ilé, iṣẹ́ àti ìrònú wọn ṣe ti ọmọ díẹ̀, àyípadà òfin nìkan kò tó láti tún un ṣe.

Owó ńkọ́? Ṣé ìrànlọ́wọ́ owó máa ń ṣiṣẹ́?

Díẹ̀, kì í sì í pẹ́. Gúúsù Kòríà ti ná ju bílíọ̀nù 200 dọ́là lọ sórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2006, síbẹ̀ ìwọ̀n náà kéré gan-an ní 2023 ju bó ṣe wà ní 2006 lọ. Láti 2020, Húńgárì ti ń dá owó orí sí fún ìyá tó bá bí ọmọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ayé rẹ̀. Ìwọ̀n náà gòkè dé nǹkan bíi 1.6, ó sì tún padà wálẹ̀ ní 2024 sí bíi 1.4. Owó tí wọ́n fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan máa ń mú kí ẹni tó ti fẹ́ bí tẹ́lẹ̀ tètè bí i, kì í sábà mú kí ó bí ju iye tí ó fẹ́ lọ.

Ohun tó ń ran àwọn òbí lọ́wọ́ gan-an ni èyí tó ń wà títí. Swídìn ló kọ́kọ́ fún bàbá àti ìyá ní ìsinmi ìtọ́jú ọmọ pa pọ̀, ní 1974. Ọjọ́ 480 ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan báyìí, 90 nínú rẹ̀ sì wà fún òbí kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kejì kò lè bá a lò. Jẹ́léósinmi tí kò wọ́n náà wà. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni: Fínlándì, tí ètò tirẹ̀ fara jọ èyí, bọ́ láti 1.87 ní 2010 sí 1.26 ní 2023. Nítorí náà, mo gbà pé kí ìjọba ṣe irú ètò wọ̀nyí nítorí pé wọ́n tọ́ sí ọmọ àti òbí, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ń dúró de iye kan.

Ṣé àwọn aṣíkiri lè dí àlàfo náà?

Wọ́n lè mú un rọrùn. Kánádà àti Jámánì ti gbára lé wọn tipẹ́, Jàpáànù pàápàá, tó ti ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́, gbé ìwé ìwọ̀lú tuntun jáde ní 2019 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti olùtọ́jú arúgbó láti ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n aṣíkiri náà ń darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sábà máa ń bímọ bí àwọn onílé ṣe ń bí. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó lọ tọ́jú arúgbó ní ìlú kan ti fi aláìsàn sílẹ̀ ní ìlú mìíràn.

Ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́?

Ibẹ̀ ni ọmọ bíbí ti pọ̀ jù láyé. Ní Ṣáàdì, Sòmálíà àti Nìjẹ̀r, obìnrin kan ṣì ń bí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ilẹ̀ ń tọ̀, ìyára ló yàtọ̀. Ní Kẹ́ńyà, nǹkan bíi mẹ́jọ ni ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970. Ní 2022, ó ti di 3.4. Ìpín àwọn arúgbó ṣì kéré ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n iye wọn ń pọ̀ sí i kíákíá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì kankan. Ìgbà tí ọ̀dọ́ pọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀.

Ṣé dídínkù wa kò ní ṣe ayé lóore?

Ó lè dín ìnira orí igbó, odò àti afẹ́fẹ́ kù lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra jù láti yanjú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń gbóná: àwọn ọdún tó kàn wá nísinsìnyí kọjá tán kí iye ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí a ṣe ń lo epo àti iná mànàmáná ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìròyìn tó yẹ kí n gbà gbọ́?

Ẹ wo bóyá iye ọmọ ni wọ́n ń kà tàbí ìwọ̀n ọmọ bíbí, nítorí pé iye lè dínkù nígbà tí ìwọ̀n kò yí padà. Ẹ tún rántí pé ìṣirò ọdún kan lè tan ni jẹ. Bí gbogbo obìnrin bá sún ọmọ bíbí síwájú lọ́dún kan, ìwọ̀n ọdún náà á wálẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ bí iye kan náà nígbẹ̀yìn.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ ni ti Jàpáànù. Ní 1966, ìwọ̀n wọn já láti 2.14 sí 1.58 nítorí ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, tó máa ń yípo lọ́gọ́ta ọdún sí ara wọn, yóò le fún ọkọ rẹ̀. Àwọn òbí yẹra fún ọdún náà, ní 1967 ìwọ̀n sì padà sí 2.23. Lẹ́yìn náà ni 1989 dé, tí ó jẹ́ 1.57, tó kéré ju ti ọdún èèwọ̀ yẹn lọ, láìsí ìgbàgbọ́ kankan tó fà á. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1990, ẹ̀rù ba gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Láti ìgbà náà, ìwọ̀n ọmọ bíbí Jàpáànù kò tíì padà dé 1.57 mọ́, ní 2024, ó jẹ́ 1.15.